Ọjọ́ Tí Koríko Alága Ṣí Lọ Sílé Bàdírù

Kí Oyèbọ̀dé tó di alága, ènìyàn bí àwa ni. Ó máa ń ra ẹ̀pà jẹ lójú títì ní Òkè-Agbò, ó máa ń dá àpárá, bí ẹ bá sì kí i, yóò kí yín padà lẹ́sẹ̀ kan náà. Àfi bí wọ́n ṣe pe orúkọ rẹ̀ lórí rédíò láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, pé òun ni Alága tuntun fún Ìgbìmọ̀ Ẹwà àti Ìtura Àyíká ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́, ọrùn rẹ̀ ti le. Kò lè yí i mọ́. Bí ẹ bá pè é láti ẹ̀yìn, gbogbo ara ni yóò fi yí, bí ọkọ̀ àjàgbé tó ń wá ibi tí yóò gbà padà sẹ́yìn.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ ìgbìmọ̀ náà bà yín lẹ́rù. Yàrá kan ni, pẹ̀lú tábìlì kan àti fáànù kan tí kò lè yí ojú mọ́, tó jẹ́ pé alága nìkan ló ń fẹ́ sí. Akọ̀wé ibẹ̀ ń jẹ́ Mùbàṣírù. Ó ti wà níbẹ̀ ṣáájú alága yìí àti ṣáájú èyí tó wà kí ó tó dé, iṣẹ́ tó sì mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ ni kí ó máa yin ẹni tó bá jókòó síwájú fáànù. Láràárọ̀, Mùbàṣírù á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á gbé ohùn sókè:

"Ẹ dìde o! Ẹlẹ́wà ń wọlé! Ọkùnrin tí oòrùn ń wò kó tó yọ!"

Kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá náà tí yóò dìde. Mùbàṣírù fúnra rẹ̀ á sáré wọlé, á jókòó, á sì tún dìde.

Bí alága bá sín, Mùbàṣírù á ní, "Ìlọsíwájú nìyẹn, sà!" Lọ́jọ́ kan tí alága sùn lọ lórí àga, tó ń hanrun, ó fọwọ́ sẹ́nu fún àwọn tó wá bẹ ọ́fíìsì wò pé, "Ẹ rọra o. Ọ̀gá ń ro ọ̀rọ̀ ìlú."

Ibi tí ọ̀ràn ti wá bẹ̀rẹ̀ gan-an ni ìrìn àjò òkè òkun. Ìjọba kó àwọn alága bíi tirẹ̀ lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìtọ́jú àyíká. Oyèbọ̀dé kò rí ẹ̀kọ́ náà gbọ́ dáadáa nítorí òtútù, ṣùgbọ́n ó rí ohun kan níwájú òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi í sí. Koríko ni. Ó rí bẹẹrẹ bí ẹní, kò ga, kò kúrú, wọ́n sì ri àkọlé kan mọ́ àárín rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́. Oyèbọ̀dé dúró síbẹ̀ títí imú rẹ̀ fi pọ́n. Ó rí àwọn òyìnbó alágbára, àwọn tó wọ kóòtù, tí wọ́n ń rìn yí koríko náà ká. Koríko tí ènìyàn ń bẹ̀rù! Ó ronú kan koríko ti Ìjẹ̀bú-Igbó, tí ewúrẹ́ ń jẹ, tí ọmọdé ń tọ̀ sí, ojú sì tì í. Orí ìdúró yẹn ló ti pinnu.

Nígbà tó dé, ó pe gbogbo ìlú sí gbọ̀ngàn. Ó wọ agbádá funfun, ó nu ojú, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ó bẹ̀rẹ̀, "ẹ̀yin ènìyàn tí mo lọ gba ọgbọ́n wá fún láàárín yìnyín! Mo padà dé, mo sì rí ohun tó ba ọkàn mi jẹ́. Ewé ń hù ní ìlú yìí láìgba àṣẹ! Ewé tí ẹnikẹ́ni kò gbìn, tí ẹnikẹ́ni kò rà, ló ń hù níwájú ilé ọmọlúàbí, tó sì ń yọ òdòdó pẹ̀lú ìgboyà! Ó tó gẹ́ẹ́. Láti òní lọ, ohunkóhun tí a kò bá fi owó rà kò gbọdọ̀ hù ní ojúlé ẹnikẹ́ni!"

"Owó ni ẹwà!" Mùbàṣírù ké láti ẹ̀yìn.

Màmá arúgbó kan láti Òkè-Ṣopẹn nawọ́. "Alága, ẹ kú ìrìn. Òjò tó ń rọ̀ sí i ńkọ́? Ṣé ká máa ra ìyẹn náà ni?"

Gbogbo gbọ̀ngàn fi ẹ̀rín sí i. Alága dúró kí ẹ̀rín náà tán, ó sì fèsì láìrẹ́rìn-ín pé ìgbìmọ̀ yóò gbé ọ̀rọ̀ òjò yẹ̀ wò.

Wọ́n ra ọ̀dà pupa. Ilé tí wọ́n bá bá koríko níwájú rẹ̀, wọ́n á fa àgbélébùú gbọọrọ sára ògiri rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé katapílà ń bọ̀ wá ha ojúlé náà. Wọ́n fà á sára ilé olùkọ́ kan nítorí rinrin tó hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù. Wọ́n fà á sára ṣọ́ọ̀ṣì kan nítorí ìmí-eṣú. Ní Ọ̀jọ́wọ̀, wọ́n bá igi ìbẹ́pẹ kan tó dá hù lẹ́bàá ògiri, obìnrin tó ni ilé sì búra pé òun ra ìbẹ́pẹ náà lọ́jà, òun jẹ ẹ́, òun da kóró rẹ̀ nù síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dá ìgbìmọ̀ lágara. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́rí, wọ́n jiyàn títí ọ̀sán fi pọ́n, wọ́n sì jáde wá kéde pé ìbẹ́pẹ náà jẹ́ rírà lápá kan. Àgbélébùú tirẹ̀, ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n fà.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dé Àtìkọ̀rí, sí ilé Abigail.

Aránṣọ ni Abigail, ọmọ ìjọ Aládùúrà, obìnrin tí kì í yára sọ̀rọ̀. Ohun tí ìlú fi mọ̀ ọ́n ni ojúlé rẹ̀. Nígbàkigbà tí wọ́n bá fẹ́ ha igbó kan kọ́lé, Abigail á gbé báfù àti àdá kékeré, á lọ bẹ awakọ̀ katapílà pé kí ó fún òun láyè díẹ̀. Ohun tó bá ní òdòdó, tàbí tí ewé rẹ̀ bá wù ú, á hú u tegbòtegbò, á gbé e wálé. Ó ní igbó ń tán, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ gba àwọn nǹkan wọ̀nyí sílé. Nípa bẹ́ẹ̀, tẹ̀tẹ̀règún dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé rẹ̀, ìdò pupa yí kànga ká, òdúndún sì ń yọ òdòdó olómi ọsàn lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn. Tànnápọsọ́ wà níbẹ̀ tí kì í ṣí àfi nírọ̀lẹ́, tó jẹ́ pé òun làwọn oníbàárà rẹ̀ fi ń mọ̀ pé ó tó àkókò láti lọ gbé iná ọbẹ̀. Ọjọ́ ìsinmi, ó máa ń já nínú wọn lọ sí orí pẹpẹ.

Alága dúró lẹ́nu géètì. Ohun tó rí dùn mọ́ ọn lójú fún ìṣẹ́jú kan, òótọ́ lẹ gbọ́ o, ṣùgbọ́n ó tètè rántí ipò rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, sà," Abigail kí i, ó kúnlẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n gbé àga."

"Èmi kì í jókòó láàárín ìwà ọ̀tẹ̀! Ìyáàfin, ta ló gba àwọn ewé wọ̀nyí láyè?"

"Ọlọ́run ni, sà."

"Ṣé Ọlọ́run kọ̀wé sí ìgbìmọ̀?"

Abigail rò ó dáadáa. "N ò rò pé ó kọ ọ́, sà."

"Ẹ ò rí i báyìí! Ìlànà kò sí, ètò kò sí! Mùbàṣírù, gbé ọ̀dà wá!"

Ó gba búrọ́ọ̀ṣì náà, ó ká apá agbádá, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa àgbélébùú tó tóbi jù lọ ní gbogbo Ìjẹ̀bú-Igbó sára ògiri Abigail. Katapílà yóò dé lọ́jọ́rú, ó ní, nítorí pé Kọmíṣọ́nnà kan ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta lọ́jọ́bọ̀ láti wá wo ẹwà ìlú. Abigail kò jà, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó wọlé, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ṣùgbọ́n kò rán nǹkan kan. Láti ìta, Oyèbọ̀dé rí ẹ̀yìn rẹ̀ láti ojú fèrèsé, ó sì yára yí gbogbo ara padà sínú mọ́tò.

Ilé Oyèbọ̀dé fúnra rẹ̀ wà ní Jápárá, lórí ilẹ̀ tó dagun, tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ìsàlẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Zipporah, ní ebòlò àti gbúre tó ń já fún ọbẹ̀ níwájú ilé, àwọn ewé mìíràn sì ti hù kún àárín wọn láti ọdún tí wọ́n kọ́lé. Alága ní kí wọ́n fín gbogbo rẹ̀ ní oògùn apakoríko. Ó rọ, ó gbẹ, wọ́n gbá a, ilẹ̀ pupa sì ṣí sílẹ̀ láti ẹsẹ̀ ilé dé ọgbà ìsàlẹ̀.

"Bàbá Ìbíkẹ́," Zipporah ní, "ilẹ̀ yìí dagun o. Àwọn ewé yẹn ló dì í mú."

"Zipporah, èmi àti ìwọ, ta ló lọ sí òkè òkun?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ó tán."

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ àjàgbé kan já kápẹ́ẹ̀tì-gíráàsì láti Èkó, koríko olówó tí wọ́n ká bí ẹní. Wọ́n tẹ́ ẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì ri pákó kan mọ́ àárín rẹ̀: Ẹ MÁ TẸ̀ Ẹ́. Oyèbọ̀dé wò ó, omi sì lé ròrò sí i lójú. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò gba iwájú wọ ilé náà mọ́. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbà, láàárín ìkòkò àti èéfín ilé ìdáná, alága pàápàá, ó sì máa ń kó agbádá jọ kó má baà kan ọbẹ̀. Mùbàṣírù ní tirẹ̀, bó bá ti dé, á kọ́kọ́ ṣí fìlà, á kí koríko.

"Ẹ kú ìjókòó," á ní.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni òjò dé. Òjò àkọ́rọ̀ ni, ó sì gbé ìjì lọ́wọ́. Oyèbọ̀dé dúró lójú fèrèsé, inú rẹ̀ dùn pé omi yóò mú koríko òun tutù yọ̀yọ̀ de Kọmíṣọ́nnà. Ó ń wò ó. Ó rí i tí ibì kan nínú rẹ̀ hun jọ bí aṣọ tí a kò lọ̀. Ó nu gíláàsì. Ó tún wò ó. Koríko náà ń rìn.

Kò sáré o. Ó ń lọ ní pẹ̀lẹ́ pẹ̀lẹ́, tìyì tẹ̀yẹ, bí ìgbà tí àgbàlagbà bá ń kúrò ní ibi tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Gbogbo rẹ̀ ló ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, pákó náà ṣì dúró ṣánṣán lórí rẹ̀, ó kọjá níwájú fèrèsé, ó wó ọgbà ìsàlẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

"Zipporah!" Oyèbọ̀dé pariwo. "Zipporah o! Koríko ti lọ!"

"Ó lọ síbo?" Zipporah béèrè láti ilé ìdáná.

Ibi tó lọ ni ilé Bàdírù káfíńtà, tó wà nísàlẹ̀. Nígbà tí òjò dá, alága wọ bàtà òjò, ó gba ilẹ̀ pupa tó ti di ọ̀gbun sọ̀kalẹ̀, ó ń yọ̀, ó ń dìde, Mùbàṣírù sì di agbádá rẹ̀ mú lẹ́yìn. Wọ́n bá koríko náà tó ti tẹ́ ara rẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù Bàdírù, láti ẹnu ọ̀nà dé ojú títì. Bàdírù dúró lórí ìloro, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà.

"Bàdírù! Dá koríko ìjọba padà!"

"Ẹ kú òjò, Alága. Mi ò pè é o. Òun ló wá."

"Olè ni ẹ́! Màá mú ọlọ́pàá wá!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú wọn wá, kí wọ́n bá mi gbé e. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ ní gbọ̀ngàn pé ohun tí ènìyàn kò fi owó rà kò gbọdọ̀ wà lójúlé rẹ̀. Èmi ò ra èyí. Ẹ̀rù àgbélébùú ń bà mí báyìí." Bàdírù na ọwọ́ sí pákó náà. "Bẹ́ẹ̀ sì ni àkọlé yín ní kí n má tẹ̀ ẹ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ jáde lọ kírun?"

Àwọn aládùúgbò ti ń kó ara wọn jọ. Oyèbọ̀dé fi gbogbo ara yí sí Mùbàṣírù fún ìrànlọ́wọ́.

"Ọ̀gá," Mùbàṣírù ní, tayọ̀tayọ̀, "iṣẹ́ yín ti ń gbilẹ̀! Ẹ wò ó, ó ti dé àdúgbò mìíràn!"

Kì í ṣe Jápárá nìkan ló rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ojúlé tí wọ́n ti ha ló di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ náà sì ṣàn bo títì, débi pé katapílà tó yẹ kó lọ sí ilé Abigail lọ́jọ́rú rì sí agbede méjì ọ̀nà, awakọ̀ rẹ̀ sì lọ wá oúnjẹ jẹ. Kọmíṣọ́nnà ń bọ̀ lọ́la. Alága jókòó síwájú fáànù rẹ̀, òógùn ń bọ́. Kí ni yóò fi hàn án? Ilé kan ṣoṣo ló kù ní gbogbo ìlú tí ènìyàn lè wò tí kò ní yí ojú kúrò, ó sì mọ ilé náà.

Ìrọ̀lẹ́ ni ó dé Àtìkọ̀rí. Kò kó Mùbàṣírù dání. Tànnápọsọ́ ti ṣí, òórùn rẹ̀ gba ojúlé kan, ẹrẹ̀ kankan kò sì sí níbẹ̀. Abigail gbé àga fún un. Lọ́tẹ̀ yìí, ó jókòó.

"Ìyáàfin," ó ní, "ìgbìmọ̀ ti tún ọ̀rọ̀ yín gbé yẹ̀ wò. A rí i pé... a rí i pé ojúlé yín lè rí ojú rere ìjọba. Fún ọjọ́ kan."

"Àlejò ló ń bọ̀ wá wò ó, sà?"

"Àlejò ni."

"Kí wọ́n máa bọ̀, sà. Ilé mi kì í lé àlejò." Ó wo àgbélébùú ara ògiri. "Lẹ́yìn àlejò ńkọ́? Ṣé katapílà ṣì ń bọ̀?"

Oyèbọ̀dé wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti fẹ́ sọ pé rárá. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ṣùgbọ́n alága kò lè yí ohùn padà fún aránṣọ. Ó wúkọ́, ó ní àwọn yóò rí sí i, ó sì dìde.

Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n fi bánà ńlá tó ya àwòrán alága bo àgbélébùú ara ògiri. Kọmíṣọ́nnà dé. Obìnrin tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó wọ bàtà pẹlẹbẹ, ó sì ti fi ojú rí ẹrẹ̀ láti Òkè-Agbò wá. Bó ṣe wọ géètì Abigail, ó dúró, ó mí kanlẹ̀.

"Áà," ó ní. "Ibí yìí mà tutù o."

Alága bọ́ síwájú. "Ọlọ́lá jùlọ! Ìyá ìlú! Ohun tí ẹ ń wò yìí, èmi ni mo fi òógùn àti omijé gbé e kalẹ̀! Gbogbo òdòdó wọ̀nyí, òkè òkun ni mo ti kó wọn wá, lábẹ́ yìnyín!"

Abigail, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife omi fún àlejò, wo àwọn òdòdó náà, ó sì wo alága.

"Kí ni orúkọ èyí?" Kọmíṣọ́nnà tọ́ka sí ohun kan nílẹ̀, tó ní ewé wẹ́wẹ́ àti òdòdó róbóróbó aláwọ̀ osùn.

Oyèbọ̀dé kò mọ̀ ọ́n. Kò wò ó rí láyé rẹ̀. "Èyí, Ọlọ́lá jùlọ, òun ni ọba òdòdó ní ilẹ̀ Họ́lándì. Wọ́n ń pè é ní Fulọribọ́ńdà Oyebodẹ́ńsísì. Ẹlẹgẹ́ ni. Nínú gíláàsì ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀."

Kọmíṣọ́nnà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó na ìka kan, ó fi kan ewé náà. Kíá, gbogbo ewé náà pa dé, ó sì sùn gbọọrọ.

"Pátánmọ́!" Kọmíṣọ́nnà kígbe bí ọmọ ọdún mẹ́fà. "Pátánmọ́ nìyí! Ọ̀nà odò wa ní Ìwópin kún fún un! Bá a bá ti fọwọ́ kàn án la máa ń sá!" Ó tún kan òmíràn, òmíràn pa dé. Àwọn èrò ya sí i, kálukú ń na ìka, ẹ̀rín gba ojúlé kan. Ẹnìkan ní kí wọ́n yé yọ ọba Họ́lándì lẹ́nu. Kọmíṣọ́nnà rẹ́rìn-ín títí ó fi di pèrègún mú kó má baà ṣubú.

Bóyá ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ì bá parí sí. Alága ì bá fi àwàdà bò ó. Ṣùgbọ́n Mùbàṣírù wà níbẹ̀, ó sì rí i pé ẹnikẹ́ni kò tíì yin ọ̀gá òun láti ìṣẹ́jú márùn-ún.

"Ìyáàfin wa," ó ní, "ẹ má fojú kékeré wo ọ̀gá mi o! Ó fẹ́ràn ilé yìí débi pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi sàmì sí i! Ẹ wò ó!" Ó sì fa bánà náà wálẹ̀.

Àgbélébùú náà yọ, ó pọ́n bí ojú iná.

"Kí ni ìtumọ̀ àmì yìí?" Kọmíṣọ́nnà béèrè. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Pé kí katapílà wá ha á ni, mà!"

"Ha kí ni?"

"Gbogbo rẹ̀, mà!"

"Ìgbà wo?"

"Mùbàṣírù," Oyèbọ̀dé ní, ó fà á láṣọ.

"Àná ló yẹ kó jẹ́, mà, ẹrẹ̀ ló dí wa lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti gbẹ báyìí, a ó ṣe é kíákíá! Ọ̀gá mi kì í fi iṣẹ́ falẹ̀!"

Kọmíṣọ́nnà gba omi lọ́wọ́ Abigail, ó mu ún tán, ó dúpẹ́, ó sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ibi tó ti rí tẹ̀tẹ̀règún tó ga tó báyìí. Àwọn méjèèjì jọ rìn lọ sí ìdí kànga, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Kò wo alága mọ́ títí tó fi lọ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, rédíò kan náà tó gbé e gorí oyè ló sọ ọ́ kalẹ̀. Wọ́n tú ìgbìmọ̀ ká. Oyèbọ̀dé, tó ti jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba kó tó di alága, wọ́n ní kí ó máa lọ bójú tó èbúté kékeré kan nítòsí Ìwópin, ní ẹ̀bá omi. Mùbàṣírù ti rí ọ̀gá mìíràn, wọ́n ní ó ń yin ikọ́ onítọ̀hún báyìí. Ewúrẹ́ ló bá Bàdírù parí ọ̀rọ̀ koríko. Abigail ní tirẹ̀ kò rí àyè ránṣọ mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí àwọn tí ilẹ̀ wọn ti ṣí sílẹ̀ ń tò wá bẹ̀ ẹ́ fún ìdò àti òdúndún, ó sì ń bu ún fún wọn nínú báfù. Zipporah wà lára àwọn tó gba tiwọn.

Oyèbọ̀dé dé èbúté náà láàárọ̀ ọjọ́ kan, pẹ̀lú àpótí aṣọ kan. Omi tẹ́ lọ bẹẹrẹ, ó tutù, òṣíbàtà léfòó sí etí rẹ̀, ó ń yọ òdòdó funfun. Ẹnikẹ́ni kò dìde. Àwọn obìnrin mẹ́rin jókòó lórí bẹ́ǹṣì nídìí ààrò, wọ́n ń yí ẹja tí wọ́n ń yan. Ó gbé àpótí kalẹ̀, ó tún fìlà ṣe, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ó bẹ̀rẹ̀, "ẹ̀yin ènìyàn etí omi, èmi tí ìjọba rán sí yín..."

Èyí àgbà nínú wọn gbé ojú sókè nínú èéfín, ó wo bó ṣe rù, ó wo ẹrẹ̀ tó ti gun ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún.

"Bàbá, ṣé ẹ ti jẹun?"

Oyèbọ̀dé dúró. Ẹnu rẹ̀ ṣì là sílẹ̀, gbólóhùn tó kàn ṣì wà níbẹ̀, ó gùn, ó sì kún fún ìyìn. Òórùn ẹja náà dé imú rẹ̀.

"Rárá," ó ní.

Obìnrin náà sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí bẹ́ǹṣì.